Iṣẹ́ Tí Ọmọ Ìkókó Ń Ṣe Lójú Oorun

Nínú gbogbo ohun tí àwọn ìyá ìkókó máa ń torí rẹ̀ sáré pè wá ní wọ́ọ̀dù, kò sí èyí tó wọ́pọ̀ tó "Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó, ọmọ mi ń gbọ̀n." Bí mo bá dé ibẹ̀, n óò bá ọmọ tó sùn fọnfọn. Ìka kan á fò. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì á ta. Ètè á máa fa ọmú tí kò sí níbẹ̀, ẹyinjú á máa yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú, ẹ̀rín á yọ lẹ́rẹ̀kẹ́, kí a tó ṣẹ́jú, ojú ti fà ro, ó fẹ́ sunkún. Ìyá ọkọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì á ti máa mi orí: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a ṣeré. Ìyá tó bí i ní tirẹ̀ á ti máa ronú ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn gìrì.

Mo máa ń sọ fún àwọn méjèèjì pé kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé mo kàn fẹ́ fi ọkàn wọn balẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Lójú oorun yẹn, nínú ìka tó ń fò àti ẹsẹ̀ tó ń ta, ni ọpọlọ ọmọ ti ń kọ́ bí ara rẹ̀ ṣe rí: ibi tí apá wà, ibi tó ti ṣẹ́po, iṣan wo ló ń gbé àtàǹpàkò, èwo ló ń ká orúnkún. Ọmọ tí yóò na ọwọ́ mú gèlè lórí yín lóṣù mélòó kan sí i ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kí ó tó dá ojú yín mọ̀.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń wo oorun ọmọ. Nathaniel Kleitman, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣèwádìí oorun ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, ló ní kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Eugene Aserinsky, máa ṣọ́ ojú àwọn ọmọ ọwọ́ tó bá ń sùn. Ẹni tó bá ti ṣọ́ ọmọ sùn rí mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀hún lè sú ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni Aserinsky ti bọ́ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, nígbà tó sì di 1953, òun àti ọ̀gá rẹ̀ gbé e jáde pé ẹyinjú ènìyàn a máa sáré yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú láwọn àkókò kan lóru, pé bí wọ́n bá sì jí onítọ̀hún nígbà náà, àlá ló sábà máa ń rọ́. Oorun yẹn ni ayé ń pè ní REM lónìí. Ní 1955 wọ́n tẹ ti àwọn ọmọ ọwọ́ jáde: ara ọmọ á máa mì, á dákẹ́, á tún máa mì, bí àsìkò yípo. Ìyípo kan lára ọmọ tuntun ń gba bí ìṣẹ́jú 50 sí 60.

Ọdún 1966 ni Howard Roffwarg, Joseph Muzio àti William Dement wá béèrè ìbéèrè tó yẹ kó ti jáde tipẹ́. Ọmọ tuntun a máa sùn tó wákàtí 16 lójúmọ́, ìdajì rẹ̀ ló sì jẹ́ irú oorun tí ara kì í dúró jẹ́ẹ́ yìí. Nínú oorun àgbàlagbà, kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Tọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tún ju tọmọ tó pé oṣù lọ. Bó bá jẹ́ pé àlá nìkan ni oorun náà wà fún, kí ni ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́ta rí láyé tí yóò fi máa lá àlá fún wákàtí 8? Èsì tí wọ́n fún ara wọn ni pé ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà ló ń fi oorun náà wá iṣẹ́ ṣe fún ara rẹ̀, nígbà tí ayé òde kò tíì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti fún un.

Oorun oníṣẹ́ ni èmi máa ń pè é fún àwọn ìyá, kí ó lè yàtọ̀ sí oorun ìjìkà. Àgbàlagbà tó bá fi orí lé ìrọ̀rí, inú oorun ìjìkà ló kọ́kọ́ ń gbà lọ. Ọmọ tuntun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti dijú báyìí, inú oorun oníṣẹ́ ló bọ́ sí tààrà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí ẹ rò pé ó ti sùn lápá yín fi ń lajú ní kété tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan bẹ́ẹ̀dì. Ẹ mú sùúrù títí apá rẹ̀ yóò fi rọ̀ jọ̀ọ̀ kí ẹ tó gbé e kalẹ̀.

Bí ajá bá ń sùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fò, a ó ní òyà ló ń lé lójú àlá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, pé fífò ara lójú oorun kò ju ìyókù àlá lọ. Mark Blumberg ní Yunifásítì Iowa kò gbà. Ọmọ eku ló fi ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ọmọ eku máa ń wáyé láìní irun, láìlajú, tí ọpọlọ rẹ̀ kò sì tíì gbó rárá. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé bí a bá tilẹ̀ gé apá òkè ọpọlọ, níbi tí à ń rò pé àlá ń gbé, kúrò lára ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ eku kò yéé fò lójú oorun. Láti ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ògóóró ẹ̀yìn, ni àṣẹ náà ti ń wá. Ọmọ eku kan ṣoṣo lè fò báyìí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lójúmọ́. Ohun tí ara ń ṣe léraléra tó báyẹn, ó ṣòro láti sọ pé kò ní ìdí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2014. Nígbà tí ènìyàn bá lajú sílẹ̀ tó fẹ́ gbé ọwọ́, ọpọlọ a kọ́kọ́ ta ara rẹ̀ lólobó: ọwọ́ fẹ́ gbéra o, èmi ni mo rán an. Nítorí náà, bí ìròyìn bá padà láti ọwọ́ pé òun ti gbéra, ọpọlọ kò kà á sí, ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ló fà á tí ènìyàn kò fi lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha abẹ́ abíyá ara rẹ̀ kó sì fi bú sẹ́rìn-ín. Lójú oorun oníṣẹ́, kò sí olobó. Ẹsẹ̀ á fò lójijì, ìròyìn rẹ̀ á bá ọpọlọ lójijì, ọpọlọ á sì gbọ́ ọ ketekete. Nínú ọpọlọ ọmọ eku tí wọ́n wò, bí ẹsẹ̀ bá fò lójú oorun, àwọn ibi tó ń gbọ́ ìròyìn ara á jí pépé. Bí ẹsẹ̀ kan náà bá gbéra nígbà tí eku lajú, bóyá ni nǹkan kan fi ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo onílù dùndún kí òde tó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó ń jó. Á fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, á gbọ́ ọ, á fa ọṣán, á tún kàn án. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ijó ti gbóná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa tún ìlù ṣe, ariwo kò ní jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ tó lajú wà láàárín ariwo náà: ọwọ́ méjèèjì ń lọ, ẹsẹ̀ ń tàpá, ojú ń wò, etí ń gbọ́, ebi ń pa á. Ojú oorun ni ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti ń fò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìdákẹ́jẹ́ ń tẹ̀ lé e, tí àwọn iṣan tó kù sì dẹ̀. Níbẹ̀ ni ọpọlọ ti lè gbọ́ pé iṣan yìí, ìka yẹn ló ń gbé.

Àwọn ará Sweden kan ní Yunifásítì Lund, Per Petersson àti Jens Schouenborg pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, fi hàn ní 2003 pé ẹ̀kọ́ gidi ni. Eku ní láti mọ apá ibi tó yẹ kó ju ìrù rẹ̀ sí bí nǹkan bá ta á, a kò sì bí ìmọ̀ yẹn mọ́ ọn ní pípé. Ó ń kọ́ ọ ni. Àwọn onímọ̀ yìí dúró kí ìrù ọmọ eku fò lójú oorun, wọ́n á sì fẹ́ atẹ́gùn sí i ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọ̀nà tí ìrù náà ń gbà sá fún ohun tó ta á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, gẹ́gẹ́ bí atẹ́gùn náà ṣe kọ́ ọ. Ògóóró ẹ̀yìn lásán ló ń kẹ́kọ̀ọ́ yìí o, kì í ṣe ọpọlọ tí à ń fi gbéra ga.

Lára ọmọ ènìyàn ńkọ́? Àwọn ará Faransé ló kọ́kọ́ sọ nǹkan pàtàkì lórí rẹ̀ ní 2007, pé bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé bá fò, ìgbì iná kan á dìde nínú ọpọlọ rẹ̀. Ní 2018, Kimberley Whitehead àti Lorenzo Fabrizi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní University College London so ẹ̀rọ tó ń ka iná ọpọlọ mọ́ orí ọmọ tuntun 19 tó ń sùn. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá fò, apá òsì ọpọlọ, níbi tí à ti ń gbọ́ ìròyìn ọwọ́ ọ̀tún, ni yóò dáhùn. Lára àwọn tí oṣù wọn kò pé ni ìdáhùn náà ti lágbára jù. Bí ọmọ bá ti pé oṣù, ó ń lọ sílẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé inú ìyá ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí yẹ kó ti wáyé. Ọlẹ̀ tó sọ nínú yín lóṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ti ń dán ara rẹ̀ wò kí ẹ tó mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Kí n tó kúrò ní London, àwọn ará ibẹ̀ kan náà tún wo òsúkè ní 2019, lára ọmọ tuntun 13. Gbogbo ìgbà tí òsúkè bá sọ, ìgbì ńlá méjì á là nínú ọpọlọ ọmọ, ẹ̀kẹta á tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí ọmọ ṣe ń kọ́ láti darí iṣan tó fi ń mí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi itọ́ rin òwú lé ọmọ níwájú orí, ẹ rọra. Òsúkè kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Iowa, Greta Sokoloff àti Blumberg náà ti bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ ènìyàn, wọ́n ń ya fídíò àwọn ọmọ tó ń sùn, láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ títí dé nǹkan bí oṣù keje. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ibi tó ń fò ń bá ibi tó ń kọ́ṣẹ́ rìn. Bí ọmọ bá ti lè gbé orí rẹ̀ dúró, fífò ọrùn á dínkù. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ mú nǹkan, ọrùn-ọwọ́ àti ìka á máa fò sí i. Ní 2021 wọ́n gbé òmíràn jáde: láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ara ọmọ a máa fò nínú oorun ìjìkà pẹ̀lú, èyí tí gbogbo wa rò pé kò sí ìfò kankan nínú rẹ̀, fífò náà sì ń bá àwọn ìgbì iná kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní spindle ṣe wẹ́kú nínú ọpọlọ. Lára àgbàlagbà, irú ìgbì yìí ni àwọn onímọ̀ ti so mọ́ ẹ̀kọ́ àti ìrántí.

Mo mọ ohun tí oníyèméjì yóò sọ, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé àyè kan. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ, ti eku ni. Lára ọmọ ènìyàn, a rí i pé ara fò, a rí i pé ọpọlọ dáhùn; kò sì sẹ́ni tó máa di ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ kó má fò fún oṣù mẹ́fà, kó lè wò ó bóyá yóò rìn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta oògùn tàbí ẹ̀rọ fún yín pé yóò mú kí ọmọ yín fò dáadáa lójú oorun kó lè gbọ́n, ọ̀bàyéjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ká fi oorun ọmọ sílẹ̀ fún ọmọ, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù ni wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 30 yẹ kó ṣì wà nínú òkùnkùn, nínú omi, níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó máa sun oorun oníṣẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. A gbé e sábẹ́ iná tí kì í kú, àfi bí NEPA bá mú un, kí jẹnẹrétọ̀ sì gba iṣẹ́ lẹ́yìn fèrèsé. Ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ á wá, á gún un ní gìgísẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n á wá. Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ìlẹ̀dìí á dé, dókítà àgbà á kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn wá, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn ínkúbétọ̀, wọ́n á pa á dé gbà-á. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ìdí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó tì í, ẹ ó rí i pé ọmọ náà kì í rí wákàtí kan sùn kí ẹnì kan má jí i, bẹ́ẹ̀, ìyípo oorun kan ṣoṣo ń gbà tó bẹ́ẹ̀.

Mo máa ń bá àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fà á gan-an. Ẹ kó iṣẹ́ yín pọ̀; bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìlẹ̀dìí, ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí nígbà kan náà, kí ẹ sì yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ da aṣọ bo orí ínkúbétọ̀. Ẹ má sọ fáìlì lé e. Ariwo tí kò tó nǹkan létí wa, inú àpótí ni ọmọ ti ń gbọ́ ọ. Ọmú àti oògùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n lè dúró. Ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: bí ẹyinjú bá ń yí, tí ìka ń fò, tí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kò jẹ́ kánjúkánjú, ẹ padà wá tó bá ṣe díẹ̀. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ń wò mí bí ìyá àgbà tó ti ń rò jù.

Ìtọ́jú tí mo fẹ́ràn jù fún wọn, Bogotá ní Colombia ló ti wá. Ní 1978, Dókítà Edgar Rey Sanabria, tí ínkúbétọ̀ kò tó fún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ní kí àwọn ìyá so ọmọ mọ́ àyà, ara kan ara, kí wọ́n máa gbé e kiri bẹ́ẹ̀. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti fọwọ́ sí i fún gbogbo ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tàbí tí kò wúwo tó. Àwọn obìnrin wa tí wọ́n ti ń pọn ọmọ láti ayébáyé kò nílò àlàyé púpọ̀, kìkì pé iwájú ni, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń gbọ́ ọkàn ìyá rẹ̀, oorun rẹ̀ sì ń tò ju ti inú àpótí lọ. Bàbá náà ní àyà. Mo ti rí ọkùnrin tó kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀ tí kò fẹ́ gbé ọmọ sílẹ̀ mọ́ nígbà tó yá.

Ó wá ku gìrì. Ẹ̀rù gìrì ní ìdí nílẹ̀ wa, nítorí ó ti gba ọmọ púpọ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan náà ló ń mú kí wọ́n rọ àgbo ìtọ̀ màlúù, tó ti ní ewé tábà, ẹfinrin, ààyù àti àlùbọ́sà nínú, sẹ́nu ọmọ tí kò ṣe ju pé ó ń sùn lọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn nílẹ̀ Yorùbá ti wádìí àgbo yẹn: ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dí èémí lọ́wọ́. Àìtó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń fa gìrì gidi. Oògùn gìrì ń di gìrì. N kò ní sọ ti àwọn tó ń ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná.

Irú fífò kan wà tó le ju èyí tí mo ti ń sọ bọ̀ lọ, òun náà kò sì burú. Ọwọ́, nígbà mìíràn tẹsẹ̀-tọwọ́, á máa gbọ̀n léraléra, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀, lójú oorun nìkan. Àwọn dókítà méjì, Coulter àti Allen, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1982. Á lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Síbẹ̀, ó ti mú kí wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní oògùn wárápá lásán, bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú oògùn yẹn tilẹ̀ ń mú un le sí i ni. Bí ẹ bá di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó lè má dúró. Jíjí ni kí ẹ jí i. Bó bá lajú, tí gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, tó wò yín, tó mu ọmú, ẹ jẹ́ kó padà lọ sùn.

Gìrì kì í dáwọ́ dúró báyẹn. Ọmọ á lajú, á ṣì máa gbọ̀n. Ojú á kàn mọ́ ibì kan, tàbí kó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnu á máa jẹ ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹsẹ̀ á máa wa kẹ̀kẹ́. Ara á le gan-an, tàbí kó rọ jọ̀ọ̀jọ̀ọ̀. Ètè á ṣú. Ẹ fi ara tó gbóná tó 37.5°C kún un, tàbí tó tutù dé 35.5°C, ọmọ tó kọ ọmú, ọmọ tí ibà pọ́njú rẹ̀ ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ tó ń sùn tí jíjí rẹ̀ di ìṣòro. Ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí tó kí ẹ gbéra lóru ọ̀gànjọ́. Ẹ má dúró de òwúrọ̀, ẹ má dúró de wòlíì tàbí àlùfáà. Wọ́n lè bá yín ní ilé ìwòsàn.

Fún ọmọ tí kò sunkún nígbà tí wọ́n bí i, tàbí tí ibà pọ́njú bá jà gidigidi, wíwo bí ara ṣe ń mì tún wúlò lọ́nà mìíràn, bí ọmọ bá lajú. Onímọ̀ kan, Heinz Prechtl, tó ṣiṣẹ́ ní Groningen ní Netherlands àti ní Graz ní Austria, fi hàn ní 1997 lára ọmọ 130 pé ìyíra wẹ́wẹ́ kan wà tó máa ń hàn lára ọmọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà tó bá dùbúlẹ̀ tí inú rẹ̀ dùn. Ọmọ tó bá ní i, ìdá 96 nínú 100 wọn ni ọpọlọ wọn kò ní àbùkù nígbà tí wọ́n dàgbà díẹ̀ sí i. Ibi tí kò bá sí ni kí a ti tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kí a má dúró di ìgbà tí ọmọ ọdún méjì kò lè jókòó. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ àti fídíò ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì yẹ kó ṣọ̀wọ́n ní ilé ìwòsàn wa tó bó ṣe ṣọ̀wọ́n yìí.

Ní ti ilé, ìwọ̀n oorun tí WHO kọ sílẹ̀ ní 2019 ni wákàtí 14 sí 17 lójúmọ́ títí oṣù mẹ́ta, àti 12 sí 16 láti oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi lélẹ̀ bó bá ń sùn, kì í ṣe ikùn, kí ìrọ̀rí má sí níbẹ̀. Bó bá jí, ẹ dá a délẹ̀ lójú yín, kó máa gbé orí, kó tó ìdajì wákàtí lápapọ̀ lójúmọ́. Ìwẹ̀ àti ọwọ́ nínà, ẹsẹ̀ nínà tí àwọn ìyá wa ń ṣe fún ọmọ, mo fara mọ́ ọn bó bá jẹ́ jẹ́jẹ́. Onímọ̀ kan, Charles Super, rí i ní Kenya ní àwọn ọdún 1970 pé ọmọ tí wọ́n bá ń kọ́ ní jíjókòó a máa tètè jókòó. Sísọ ọmọ sókè ni n kò fara mọ́. Ìyá tó ń fi ọmọ rẹ̀ wé tọmọ lágbájá tó rìn lóṣù mẹ́sàn-án, kó fọkàn balẹ̀: WHO wo àwọn ọmọ ní Ghana, India, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà, ọmọ tí ara rẹ̀ le lè dá rìn nígbàkigbà láàárín oṣù 8 sí nǹkan bí oṣù 17 ààbọ̀.

Bí ẹ bá rí fífò tí kò yé yín, tí kò sì sí àmì ewu tí mo kà sílẹ̀ lókè, ẹ má gbọn ọmọ jìgìjìgì, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ fi fóònù yín ya fídíò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ hàn pọ̀, kí ẹ má sì pa kámẹ́rà nígbà tí ẹ bá ń jí ọmọ náà, kí a lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó lajú. Ẹ gbé e wá fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó sún mọ́ yín. Ọmọ tó ń fò nílé kì í sábà fò mọ́ nígbà tó bá dé iwájú wa, fídíò náà ni a ó sì fi mọ̀.